Ètè Tó Sán Kò Fẹ́ Ata

Ìmọ̀ràn kan wà tí kò sí ilé tí kì í ti í jáde nígbà tí ọyẹ́ bá dé sí Pobè àti Sakété, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Òtútù ń mú, ẹ sọ ata sí ọbẹ̀. Ọmọ ń wúkọ́, ẹ sọ ata sí ọbẹ̀. Bàbá kò rí oorun sùn, ẹ wá ọbẹ̀ tó ta lẹ́nu fún un, kí ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ gbé ìkòkò èédú wọ yàrá. Bó bá sì jẹ́ ẹni tó ń mu ọtí, kó fi sódàbì díẹ̀ lé e kó tó sùn. Èrò kan ṣoṣo ló bí gbogbo rẹ̀: pé òtútù ni àìsàn ọyẹ́, àti pé ohunkóhun tó bá ti jó lẹ́nu tàbí tó gbóná lára ni oògùn rẹ̀. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀, ìfẹ́ ló sì ń mú wọn sọ ọ́. Síbẹ̀ èrò náà kò tọ̀nà. Gbígbẹ ló ń bá wa jà lásìkò ọyẹ́. Omi inú ọbẹ̀ ni oògùn rẹ̀, ata kọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn òtútù náà wò. Ní ẹkùn Plateau, òru ọyẹ́ sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 20 sí 22 Celsius; bó bá di ọ̀sán, oòrùn á gbé e kọjá 30. Ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí yìnyín ti ń bọ́, òfin tó dá lórí ìlò iná sọ pé kí ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru má ṣe kọjá 19. Ooru tí òfin yọ̀ǹda fún wọn nínú ilé, òun gan-an ni àwa ń pè ní òtútù níta. N kò sọ pé òtútù yẹn kì í mú ni. Ara tí ooru ti mọ́ lára á gbọ̀n ní 20, arúgbó àti ọmọ ọwọ́ á sì gbọ̀n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù àti ìbora ló ń yanjú ìyẹn, wọ́n sì ń yanjú rẹ̀ pátápátá kí àkùkọ tó kọ. Ìkòkò ọbẹ̀ kò ní láti bá aṣọ dupò.

Gbígbẹ ni kò sí ẹ̀wù fún. Láti Sàhárà ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń bọ̀, púpọ̀ nínú ekuru tó ń gbé bọ̀ sì wá láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ìsàlẹ̀ adágún ńlá àtayébáyé kan tí omi rẹ̀ ti gbẹ tán. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti rin ọ̀nà jíjìn láìrí omi mu, nítorí náà gbogbo ibi tó bá ti bá omi ló ti ń mu ún: lára aṣọ tí a sá, nínú ìkòkò tí a kò dé, lójú, nímú, lẹ́nu. Ní Sakété, ilẹ̀ pupa tí àwọn Faransé ń pè ní terre de barre á gbéra kúrò lójú ọ̀nà, á bo ewé àti òrùlé. Ní apá Pobè, ẹ̀rí tó lágbára jù wà ní ilẹ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí, lọ́nà Issaba. Ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ ń di ẹrẹ̀ tó ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ ènìyàn nígbà òjò. Orúkọ Pọtogí tó wà lára àfonífojì náà, Lama, kò ju ẹrẹ̀ lọ. Bí ọyẹ́ bá wọlé, ilẹ̀ kan náà á sán débi pé ọwọ́ ènìyàn lè wọ inú ihò rẹ̀. Kò sí ará Issaba kan tó máa sọ fún yín pé òtútù ló mú ilẹ̀ náà tó fi sán.

Àwọn ìyá wa mọ èyí dáadáa níbi tí ojú ti tó o. Bí ètè bá sán tàbí tí gìgísẹ̀ bá là, òrí tàbí àdín ni wọ́n ń fi pa á. Kí wọ́n tó gbálẹ̀ lọ́yẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ wọ́n omi. Kò sí ẹni tó ń lọ ata kó fi ra ètè ọmọ rẹ̀ tó sán, kó ní òtútù ló mú un. Ṣùgbọ́n bí gbígbẹ náà bá ti wọ inú, sí imú àti ọ̀nà ọ̀fun níbi tí a kò lè rí i mọ́, ìmọ̀ yìí á fò lọ, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu ata sí ibi tó sán.

Awọ inú imú kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ètè, àfi pé iṣẹ́ tirẹ̀ pọ̀ jù. Ikun ló tẹ́ lé e lórí, irun tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí sì ń ti ikun yẹn lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ekuru àti kòkòrò àrùn tó lẹ̀ mọ́ ọn, títí a ó fi gbé e mì tàbí tu ú dànù. Bí ikun bá gbẹ, ìgbálẹ̀ náà á dúró. Ní 2007, Anice Lowen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Mount Sinai ní New York kó àwọn guinea pig, ẹranko kékeré kan tó jọ eku, tó ti ní àrùn influenza sítòsí àwọn mìíràn tí ara wọn dá. Wọ́n fi ooru yàrá sí ìwọ̀n 20, ìyẹn òru ọyẹ́ tiwa gẹ́lẹ́, wọ́n wá ń yí ìwọ̀n ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ padà. Nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 20 tàbí 35 nínú ọgọ́rùn-ún, àrùn náà ràn. Nígbà tó di 80, kò ràn mọ́. Òtútù kan náà ni o. Òótọ́ ni pé nígbà tí wọ́n mú yàrá náà wá sí ìwọ̀n 5, àrùn tún ràn sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a ti ń rí 5 ní Pobè, àfi inú fìríìjì.

Bí ẹ̀rí ẹranko kò bá tó, ẹ wo òkè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ní Alibori àti Atacora. Àrùn yírùnyírùn, tó ń mú kí ọrùn le, tó sì ń pa ọmọdé, ń jà níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń rọlẹ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Oníṣègùn ológun Faransé kan, Léon Lapeyssonnie, ló ṣàpèjúwe ìgbànú àrùn náà lórí máàpù Áfíríkà ní 1963. Ohun tó yẹ ká ṣàkíyèsí ni oṣù tó ti ń le jù: ní oṣù Kẹta sí Ìkẹrin, nígbà tí ooru ibẹ̀ ń sun ènìyàn lẹ́sẹ̀. Òtútù ti kó ẹrù rẹ̀ lọ nígbà yẹn, gbígbẹ àti ekuru ló kù, àrùn sì wà níbẹ̀.

Ata wá ńkọ́? Ata kò gbóná, ńṣe ló ń purọ́ pé òun gbóná. Èròjà inú rẹ̀ tó ń ta ni wọ́n ń pè ní capsaicin. Ní 1997, David Julius àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní California rí ibi tó ń lọ kàn nínú iṣan ìmọ̀lára wa, ilẹ̀kùn kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TRPV1 báyìí, tó jẹ́ pé ooru bí ìwọ̀n 43 ló ń ṣí i. Iṣẹ́ yẹn wà lára ohun tó mú kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti ìṣègùn ní 2021. Ata ń ṣí ilẹ̀kùn náà láìmú ooru kankan dání. Ara á gbà pé iná ń jó òun, á sì ṣe ohun tó ń ṣe bí iná bá ń jó o: á da òógùn, á ti ẹ̀jẹ̀ wá sí abẹ́ awọ kí ooru inú lè ráyè jáde. A jẹ ata kí ara lè móoru, ara gbọ́ pé kí òun lé ooru jáde. A sì tún fi òógùn ṣòfò omi, ní àsìkò tí afẹ́fẹ́ ti ń jí i lára wa. Sódàbì kò yàtọ̀: ó ń mú kí awọ gbóná nítorí pé ooru inú ló ń jáde, lẹ́yìn náà á mú kí ènìyàn tọ̀ ju èyí tó mu lọ. Bí ata bá jẹ́ aṣọ òtútù lóòótọ́, àwọn ará Norway ni ìbá máa bá ara wọn du rodo lọ́jà. Ilẹ̀ olóoru ni wọ́n ti fẹ́ràn ata jù káàkiri ayé.

Wọn á ní, ṣùgbọ́n a jẹ ọbẹ̀ ata, imú wa sì là. Òtítọ́ ni pé ata ń mú kí imú ṣomi, ìtura díẹ̀ sì wà níbẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ìbéèrè tèmi ni pé kí ló ṣe iṣẹ́ náà gan-an nínú àwo ọbẹ̀ yẹn. Ní 1978, àwọn dókítà mẹ́ta ní Miami Beach, Saketkhoo, Januszkiewicz àti Sackner, fún àwọn tí ara wọn dá ní omi tútù, omi gbígbóná àti omi ọbẹ̀ adìẹ gbígbóná, wọ́n sì wọn bí ikun imú ṣe ń yára rìn. Omi tútù mú un falẹ̀. Omi gbígbóná lásán, tí kò sí ata nínú rẹ̀, mú un yára. Omi ọbẹ̀ adìẹ náà mú un yára. Kò tó ìdajì wákàtí tí ire náà fi tán. Ní 2008, wọ́n ṣe ìwádìí mìíràn ní Cardiff lórí omi èso gbígbóná, wọ́n rí i pé ó mú ìtura bá ẹni tó ní ọ̀fìnkìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tó ń gba imú kọjá kò pọ̀ sí i. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni olóore. Bí ire rẹ̀ kò bá sì ju ìdajì wákàtí lọ, ohun tó bọ́gbọ́n mu ni ká máa mu díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Àwo ọbẹ̀ kan ṣoṣo tó ń jó bí iná, tí a jẹ lálẹ́ tí omijé fi bọ́, kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Àwọn kan náà ní Cardiff lè fún alátakò mi ní ohun ìjà, kò sì yẹ kí n fi í pamọ́. Ní 2005, Johnson àti Eccles ní kí 90 ènìyàn ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù fún 20 ìṣẹ́jú, kí 90 mìíràn ki tiwọn bọ abọ́ òfìfo. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn tó ní àwọn ń ní ọ̀fìnkìn pọ̀ jù nínú àwọn ẹlẹ́sẹ̀ tútù. Nítorí náà n kò lè sọ pé òtútù kò ní ọwọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n 10 ni omi tí wọ́n lò. Ẹni tó bá fẹ́ rí irú omi bẹ́ẹ̀ ní Sakété á kọ́kọ́ ra yìnyín. Bí ó bá sì rí i, bàtà ni oògùn rẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni ti àṣà. Ṣé àwọn àgbà tó ń fi ọbẹ̀ iyèré tọ́jú abiyamọ kò gbọ́n ni? Wọ́n gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká rántí, lákọ̀ọ́kọ́, pé ata rodo àti ìjọ̀ṣí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, lẹ́yìn ìrìn àjò Columbus ní 1492. Iyèré, eeru àti atare ló wà nílẹ̀ ṣáájú wọn. Iyèré náà ń ta, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìyá àgbà ń gbé lé abiyamọ lọ́wọ́: igbá omi ọbẹ̀ ni, tó ń rúná, tí obìnrin náà máa gbé sẹ́nu mu títí yóò fi rí ìsàlẹ̀. Ẹni tó ti pàdánù ẹ̀jẹ̀, tí ọmú rẹ̀ sì ní láti ṣe wàrà, omi ló nílò jù. Iyèré ló mú kí omi yẹn ṣeé mu. Àwa ló gbé atọ́nà, tí a fi àlejò tó ń bọ̀ lẹ́yìn sílẹ̀.

Èdè wa fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí ibẹ̀ pín sí méjì. A ń pe àrùn ẹ̀dọ̀fóró ní òtútù àyà, àwọn Faransé náà ní òtútù ló kọlu ènìyàn, gbogbo ayé sì ti ṣi orúkọ yìí sọ fún àrùn tí kòkòrò ń fà. Ìyẹn ni apá kan. Apá kejì wà nínú ọ̀rọ̀ tutù. Ewé tútù ni ewé tí omi ṣì wà lára rẹ̀. Ẹja tútù ni òdìkejì ẹja gbígbẹ. Bí ilẹ̀ bá tutù, omi ló wà níbẹ̀. Bí ilé bá tutù, àlàáfíà ni. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, gbígbẹ ni ọ̀tá ìtutù, ìtutù sì jẹ́ ìlera. Lára ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà wa, ọ̀kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ amúnútutù, ẹ̀fọ́ tó nípọn, tó ń fà díẹ̀ bí a bá sè é, tó sì kún fún omi. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn kò rò pé inú tó tutù jẹ́ àìsàn.

Mo wá dé orí ìkòkò gan-an, nítorí níbẹ̀ ni ìjà náà wà lójoojúmọ́. Lójú tiwa, ọbẹ̀ tó dá omi jẹ́ ẹ̀tẹ́. A ń fi ọbẹ̀ olómi bú ìyàwó, a ń fi bú olówò oúnjẹ, a sì ń fi ọbẹ̀ tó ki, tí epo rẹ̀ léfòó, mọ ẹni tó rí já jẹ. Ó yé mi bẹ́ẹ̀. Pobè tó ní ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ láti 1922 kì í ṣe ìlú tí wọ́n á ti máa ṣahun epo, ọbẹ̀ ẹyìn tó ki sì jẹ́ ohun tí n kò ní kí ẹnikẹ́ni pa tì. Òkèlè náà ní tirẹ̀: àmàlà tàbí àkàṣù nílò ọbẹ̀ tó lè dì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní ìkòkò kan kò lè bí ọbẹ̀ méjì. Adìẹ tàbí ẹja tí a fi àlùbọ́sà, ata ilẹ̀ díẹ̀ àti ewé ẹ̀fínrín bọ̀ ti pé gẹ́gẹ́ bí ohun mímu kí a tó da ata àti ẹ̀gúsí sí i. Kí a bu ife méjì mẹ́ta síwájú fún arúgbó, fún ọmọdé, fún ẹni tó ń wúkọ́. Kí èyí tó kù wá máa ki lọ bí ó bá ṣe wù ú. Ewédú, ilá àti amúnútutù sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kí òkèlè rẹ̀ tún mú omi wọlé. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò sí nínú ètò yìí o. Ọmú ìyá rẹ̀ ni ọbẹ̀ tirẹ̀, ìyá ni kó mu omi ọbẹ̀.

Kúbù nìkan ni n kò lè bá rẹ́ nínú ìkòkò yìí. Ó lé ní ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ iyọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí àgbàlagbà má jẹ ju gíráàmù 5 iyọ̀ lọ lójúmọ́. Ẹni tó ju mẹ́ta sínú ìkòkò kékeré ti fi ọwọ́ ọ̀tún fún ara lómi, ó ti fi tòsì gbà á padà. Irú ṣì wà lọ́jà.

Ilẹ̀kùn tí a tì àti èédú tí a gbé wọlé ni apá tó léwu jù nínú èrò tí mò ń bá jà, nítorí ata kì í pa ènìyàn mọ́jú. Èédú tó ń pọ́n láìrúná ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde, carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá sùn tì í lè má jí. Èéfín igi ìdáná fúnra rẹ̀, láìjẹ́ ti òru, wà lára ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà mọ́ ikú mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé ní 2020, ọmọdé tí òtútù àyà pa sì wà nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí iná wà níta tàbí níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ìbora wà nínú ilé. Bí ọmọ bá sì ń mí lọ́nà tó yára, tó mí ní ìgbà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan nígbà tó wà láàárín oṣù méjì sí ọdún kan, tàbí 40 nígbà tó wà láàárín ọdún kan sí márùn-ún, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ọbẹ̀ pátápátá, ó di ti ilé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń gbọ̀n tí ara rẹ̀ sì ń gbóná: ibà lè ti wà nínú rẹ̀ nígbà tí àwọn ará ilé ṣì ń wí pé ọyẹ́ ni.

Ẹnìkan lè ní ẹ̀fọ́ ń wọ́n lọ́yẹ́, pé ọgbà ti gbẹ, pé ta ló fẹ́ máa pọn omi rin amúnútutù nígbà tí kànga ti jìn sílẹ̀. Ó tọ́. Nítorí àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n ṣe ń sá ilá. Orúnlá ni ọbẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn láti ìgbà tí kò ti sí fìríìjì, ó rọ̀ lọ́wọ́, ó ń pẹ́, ó sì máa ń wà lọ́jà nígbà tí ilá tútù bá di ti olówó. Bí a bá gún un tó kúnná, kò ṣeé jẹ bó ṣe wà. Inú omi gbígbóná la ń dà á sí, tí yóò máa mu ún tí yóò sì máa wú, títí ìkòkò á fi kún fún ọbẹ̀ láti inú ẹ̀kúnwọ́ kan. Obìnrin tó ń tà á lè sọ iye omi tí ife rẹ̀ kan ń gbà, kò sì sí oníbàárà tó ń bá a jiyàn lórí ìyẹn.